Ìtumọ̀ Ọ̀rọ̀: “Ìkọsẹ̀”

Láti inú kíkọ àti ẹsẹ̀ ni “ìkọsẹ̀” ti jáde wá. Ọmọ Adó-Èkìtì, ọmọ Èwí ọba ìlú náà, tí ó bá sì ti fi ẹsẹ̀ lásán gun àpáta Olóta, mọ̀ pé òkúta tí ń gbé ni ṣubú kì í sábà tóbi.

Ọ̀rọ̀ yìí ni Bíbélì Yorùbá, tí wọ́n parí ìtumọ̀ rẹ̀ ní 1884, mú lò níbi tí Pọ́ọ̀lù ti kìlọ̀ fún àwọn ará Kọ́ríńtì nípa ẹran tí a fi bọ òrìṣà, kí òmìnira wọn má bàa di ìkọsẹ̀ fún aláìlera. Ní Adó, ọ̀ràn náà kò jìnnà sí wa. Bí Udírókò, ọdún tí ó gba orúkọ rẹ̀ láti ìdí ìrókò, bá dé, onígbàgbọ́ àgbà lè lọ kí ọba, kí ó jẹ, kí ó jó, kí ó sì padà sílé pẹ̀lú ọkàn mímọ́, nítorí ọdún ìlú ni ó kà á sí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ère, tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára àgbà náà, kò tíì mọ ìyàtọ̀ yẹn, ó sì lè tipa bẹ́ẹ̀ kọsẹ̀. Èmi kò ní kí ẹnikẹ́ni má kí ọba rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ará iwájú bá jìn sí kòtò, ó kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ohun tí ó ń dùn mí nínú ìkọsẹ̀ yìí ni pé ará iwájú kò jìn rárá, ńṣe ni ó fò ó kọjá, tí kò sì bojú wẹ̀yìn.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, bí àlejò bá kọsẹ̀ lójú ọ̀nà Ọjà Ọba, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí ni yóò kọ́kọ́ kí i ní pẹ̀lẹ́.