Lùkúlùkú Ọdún 1918

Bóyá ni a rí àrùn tí àgbàlagbà ń fojú tín-ín-rín tó ọ̀fìnkìn. Ẹni tí ó ń sín, tí ó ń wúkọ́, kì í tìtorí rẹ̀ pa oko jẹ. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1918, àrùn tí ó jọ ọ̀fìnkìn lójú ènìyàn di apani.

Oṣù Kẹsàn-án ọdún náà ni ó bá ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀ sí Èkó láti Gold Coast, èyí tí í ṣe Gánà òde òní. Láti Èkó ni ó ti bá èrò ọkọ̀ ojú irin gòkè lọ sí àárín ilẹ̀. Lùkúlùkú ni àwọn Yorùbá pè é, orúkọ àrùn tí ń pa adìẹ lọ bẹẹrẹ. Àwọn onítàn fojú bù ú pé nǹkan bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà láàárín oṣù díẹ̀.

Ohun tí ó ya ayé lẹ́nu ni pé kì í ṣe ọmọ ọwọ́ àti arúgbó nìkan ni ó pa. Àwọn tí ó wà láàárín ọdún 20 sí 40, tí agbára ṣì wà lára wọn, kú lọ́pọ̀lọpọ̀. Nígbà tí oògùn kò ràn án, ọ̀pọ̀ gba àdúrà mú. Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìgbà náà ni ẹgbẹ́ àdúrà tí a wá mọ̀ sí Òkúta Iyebíye gbèrú.

Kí ni ó pa wọ́n? Ọdún 1933 ni a tó rí fáírọ́ọ̀sì tí ń fa àrùn yìí lára ènìyàn. Ní ọdún 2008, àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ Amẹ́ríkà tún ẹ̀dọ̀fóró àwọn tí ó kú ní 1918, tí a tọ́jú pa mọ́, yẹ̀ wò. Wọ́n rí i pé òtútù àyà ni ó pa èyí tí ó pọ̀ jù. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́: fáírọ́ọ̀sì ni ó la ògiri ọ̀nà èémí, tí bakitéríà tí ń gbé imú àti ọ̀fun jẹ́ẹ́ tẹ́lẹ̀ fi ráyè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Pẹnisílíìnì tí ì bá kojú púpọ̀ nínú wọn kò sí. Ọdún 1928 ni a tó ṣàwárí rẹ̀.

Àrùn náà ṣì wà láyé. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó tún lè mú kí iṣan ọkàn tàbí ọpọlọ àgbàlagbà wú. Nítorí náà, bí ara aláìsàn bá ti ń yá, tí ibà tún padà dé, tí àyà ń dùn ún, tí èémí sì ń há a, kí a má ṣe pè é ní ọ̀fìnkìn lásán mọ́. Ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ kíákíá.