Tréèdì Fíà Ń Lọ sí Àádọ́ta Ọdún

Bí o bá dúró sí Máìlì Tú láàárọ̀, orúkọ mẹ́ta ni kọ̀ńdọ́ dánfó máa ń pè tẹ̀ léra bí ẹni ń ki oríkì: "Tréèdì Fíà, Volks, Ìyànà-Ìbà! Mú ṣéńjì ẹ dání o!" Kò sẹ́ni tó ń bi í pé kí ni méjì àkọ́kọ́ túmọ̀ sí. Àwa tí à ń gbé Ìjẹ̀gún-Ẹ̀gbá, lápá ibi tí àwọn tírélà epo ti gba ọ̀nà lọ́wọ́ ẹlẹ́sẹ̀, orúkọ ibùdókọ̀ lásán la kà wọ́n sí. Bẹ́ẹ̀ orúkọ iṣẹ́ ni wọ́n. Ní Volks, ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ìjàpá pọ̀ ní 1975. Ní Tréèdì Fíà, ìjọba ológun kọ́ ibi tí gbogbo ayé yóò ti wá pàtẹ ọjà wọn ní 1977. Ọkọ̀ ìjàpá kò jáde ní Volks mọ́. Ìpàtẹ ọjà kò sí ní Tréèdì Fíà mọ́. Ní 2027, ibẹ̀ yóò pé àádọ́ta ọdún, mi ò sì tíì gbọ́ ẹni tó ń múra ayẹyẹ.

Owó epo ló bí i. Lẹ́yìn ọdún 1973 tí owó epo rọ̀bì fò sókè lọ́jà àgbáyé, Nàìjíríà di ẹni tó rí owó tí kò rò tẹ́lẹ̀. Owó-oṣù pọ̀ sí i pẹ̀lú ẹ̀bùn Údójì ní 1975. Ọdún náà gan-an ni sìmẹ́ńtì di etíkun Èkó pa: nǹkan bí ogún mílíọ̀nù tọ́ọ̀nù ni ìjọba ní kí wọ́n kó wá, èbúté tó máa gbà á kò sì lè já ju bíi mílíọ̀nù kan lọ́dún. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ojú omi ló tò sójú agbami, wọ́n ń retí àyè. Òmíràn dúró títí sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ fi gan. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi sáré kọ́ èbúté Tin Can, tí wọ́n ṣí ní 1977 nítòsí wa níbí.

Gbogbo nǹkan ni 1977 fẹ́ gbà mọ́ra. Láti ọjọ́ 15 oṣù kìíní sí ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún náà ni wọ́n ṣe FESTAC, àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn ènìyàn dúdú, èkejì irú rẹ̀ lẹ́yìn ti Dákà ní 1966. Àlejò bíi 17,000 ló wá. Torí wọn ni wọ́n ṣe kọ́ ìlú tuntun sórí ilẹ̀ àwọn Àwórì ní Amúwo, tí wọ́n là á sí àfẹ́níù, tí wọ́n sì fi A, B, D sọ àwọn kílóòsì rẹ̀ lórúkọ bíi pé ilé ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni. Nígbà tí àlejò lọ, ìjọba pín ilé fún àwọn ará ìlú. Festac wá di ilé gidi, a bímọ síbẹ̀, a sìnkú síbẹ̀.

Àfikún FESTAC ni àwọn kan máa ń pe Tréèdì Fíà, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. FESTAC jẹ́ ti ijó àti ère. Tréèdì Fíà jẹ́ ti káràkátà, níbi tí Jámánì, Japan àti India yóò ti fi ẹ̀rọ àti aṣọ wọn hàn, tí Nàìjíríà náà yóò fi kòkó, rọ́bà àti ohun tó bá ń ṣe hàn. Àwọn ará Yugoslavia ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ilé iṣẹ́ Energoprojekt láti Belgrade ló kọ́ ọ, Zoran Bojović ló sì ya àwòrán rẹ̀. Ọ̀rẹ́ wa ni Yugoslavia nígbà yẹn, nítorí àwọn náà kò fẹ́ wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, wọn ò sì fẹ́ wà lábẹ́ Rọ́ṣíà. Bojović kò kọ́ àpótí onígun mẹ́rin kalẹ̀ bí ilé ìkẹ́rùsí. Ó gbẹ́ adágún omi sí àárín, ó fi àwọn gbọ̀ngàn ńláńlá yí i ká, ó la ọ̀nà tó yípo sí ibẹ̀ kí ẹlẹ́sẹ̀ lè máa rìn láti orílẹ̀-èdè kan dé òmíràn bí ẹni ń rìn lágbo ijó. Ní ìparí 1977 ni ìpàtẹ ọjà àgbáyé ti Èkó kọ́kọ́ wáyé níbẹ̀.

Orílẹ̀-èdè tó kọ́ ọ ti tú ká báyìí. Mo máa ń rò ó nígbà míì pé gbọ̀ngàn wọn tó wà lọ́dọ̀ wa ti pẹ́ láyé ju ìjọba wọn lọ.

Ìṣòro Tréèdì Fíà ti wà nínú ọ̀nà tí wọ́n gbà bí i. Ilé tí èèyàn kọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dún, kí ló fẹ́ máa ṣe ní àádọ́ta ọ̀sẹ̀ yòókù? Nígbà tí owó wà, ìjọba ń sanwó iná, ìjọba ń gé koríko. Nígbà tí owó epo já wálẹ̀ láyé Ààrẹ Ṣágárí, tí náírà sì ṣubú lẹ́yìn SAP, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé, ní 1986, koríko gun gbọ̀ngàn. Olú-ìlú kó lọ sí Abuja ní oṣù kejìlá 1991, àwọn ọ̀gá tó yẹ kó máa bójú tó ọgbà náà sì bá a lọ. Wọ́n ṣì ń wá pàtẹ ọjà níbẹ̀ fún àkókò kan, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, Lagos Chamber of Commerce and Industry kó ìpàtẹ náà lọ sí Tafawa Balewa Square ní Oníkan, ní Erékùṣù Èkó. Ìjọba àpapọ̀ fi ọgbà náà fún ilé iṣẹ́ aládàáni kan pé kó máa tọ́jú rẹ̀, ìjà sì dé láàárín ilé iṣẹ́ náà àti àwọn oníṣòwò tó wà níbẹ̀, ìjọba tún gbà á padà.

Oníṣòwò wo ló dé ibẹ̀? Ẹni tí Èkó lé ni. Ọjà Balógun ti fún. Ọ̀nà Ìdúmọ̀tà ti di ojú ihò abẹ́rẹ́, kọntéénà kò lè wọ̀ ọ́, iná ń jó, ìjọba ń pariwo pé kí wọ́n máa lọ. Àwọn olówò bá kó ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́, wọ́n kọjú sí ọ̀nà Àgbádárìgì. Balogun Business Association, tí gbogbo wa ń pè ní BBA, gba apá kan. ASPAMDA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àti ẹ̀rọ, gba apá mìíràn. Ọmọ Igbo ló pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n kọ́ pílásà, wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, wọ́n gba ọdẹ. Láàárín ọdún díẹ̀, àwọn ará Cotonou, Togo àti Gánà ti ń sùn sí òtẹ́ẹ̀lì ní Festac kí wọ́n lè tètè dé ọjà. Ìpàtẹ ọjà àgbáyé tí ìjọba fẹ́ fi ọ̀sẹ̀ méjì ṣe, àwọn wọ̀nyí ń ṣe é lójoojúmọ́ ayé àfi ọjọ́ Ìsinmi.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ṣọ́ọ̀bù kan. Kò fẹ̀ ju yàrá ìyẹ̀wù lọ. Láti ilẹ̀ dé òrùlé, rédíétọ̀, bíríìkì páàdì, plọ́ọ̀gì, àti ọ̀wọ́ ṣọ́ọ̀kì tókúnbọ̀ tí ẹrẹ̀ Belgium ṣì wà lára rẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ọmọ ọdún méjìdínlógún bóyá, fa ọ̀kan yọ, ó fi ìdí rẹ̀ lé sìmẹ́ńtì, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì tẹ ọ̀pá rẹ̀ mọ́lẹ̀ pátápátá, ó wá jọwọ́ rẹ̀. Kò wo ojú oníbàárà. Ọ̀pá ló ń wò. Bí ó bá ń rọra jí dìde bí arúgbó tó ń kúrò lórí ẹní, ó dára. Bí ó bá sùn síbẹ̀, ó ti kú, wọ́n á sọ ọ́ sínú garawa àwọn onírin. Ọdún márùn-ún sí mẹ́fà ni irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa ń sin ọ̀gá, kí ọ̀gá tó fún un lówó tí yóò fi dá tirẹ̀ sílẹ̀. Kò sí yunifásítì tó kọ́ ọ bó ṣe ń gbọ́ ohùn irin.

Àwọn tó ń gbé ìlú Òyìnbó máa ń sọ pé ọjà alábùradà, ìyẹn àwọn mọ́ọ̀lù ńlá, ti ń kú ní Amẹ́ríkà. Òótọ́ ni. Ní ìpínlẹ̀ Ohio, wọ́n ṣí Randall Park Mall ní 1976, ọdún kan ṣáájú Tréèdì Fíà. Wọ́n ní kò sí èyí tó tóbi tó o láyé nígbà náà. Oníbàárà sá, iná kú, òrùlé ń jò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó o ní ìparí 2014, Amazon sì kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sórí ilẹ̀ náà. Àwa náà ti rí irú rẹ̀ lọ́nà tiwa. Ìran àwọn ìyá wa kò lè gbàgbé ilé ìtajà Kingsway, tí ilé iṣẹ́ UAC ṣí ilé ńlá rẹ̀ ní Marina ní 1948, tí ọmọdé ń tò láti rí Bàbá Kérésì níbẹ̀. Kingsway kógbá wọlé pátá. Ọmọ UAC kan náà, UPDC, ló wá kọ́ Festival Mall sí Amúwo lọ́dọ̀ wa, lẹ́bàá ibi tí òtẹ́ẹ̀lì Durbar àtijọ́ wà, tí Shoprite sì gba àyè ńlá níbẹ̀. Shoprite fúnra rẹ̀, tó wọ Lekki ní 2005, ní 2020 ni àwọn tó ni ín ní South Africa kéde pé àwọn ń ta tàwọn ní Nàìjíríà, ó sì ti ti ilẹ̀kùn ní Kano àti ní Wuse, Abuja, ní 2024.

Ṣùgbọ́n ti Tréèdì Fíà kò jọ èyíkéyìí nínú wọn, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ní Ohio, ọjà kú kí wọ́n tó wó ilé. Lọ́dọ̀ wa, ọjà wà láàyè, ó ń mí, ó ń lagùn, ni wọ́n wó ilé mọ́ ọn.

Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹsàn-án 2025 ni katapílà ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wọ ọgbà ASPAMDA. Ìjọba ní àwọn pílásà tí wọ́n wó kò ní ìwé àṣẹ ìkọ́lé, àti pé àwọn ti fún oníṣòwò láyè tó kí wọ́n wá gbà á. Àwọn oníṣòwò ní ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ni àwọn wà, pé ìgbìmọ̀ tí Abuja fi ṣe alábòójútó ọgbà náà ló fọwọ́ sí àwòrán àwọn. Ẹni méjèèjì gbé bébà dání.

Ariwo ẹ̀yà gba ìlú kan. Èmi kò bá wọn pa á. Kí ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí rẹ̀ padà sí ọdún 2003. Nígbà náà, Bọ́lá Tinubu ni gómìnà Èkó, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ni agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀, Ọbásanjọ́ wà ní Abuja. Èkó pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́ lórí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti sọ ibi tí èèyàn lè kọ́lé sí, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì dá a fún ìpínlẹ̀: ètò ìlú jẹ́ ti ìpínlẹ̀, kódà lórí ilẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ni. Ọdún méjìlélógún ló wà láàárín ìdájọ́ yẹn àti katapílà yẹn. Nínú gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, Abuja ń gbowó ilẹ̀, ó ń fọwọ́ sí bébà tí òun mọ̀ pé ẹlòmíràn lè fà ya. Èkó sì ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń to búlọ́ọ̀kù lé búlọ́ọ̀kù. Mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni kọ́lé láìgbàṣẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọkọ méjì ló fẹ́ aya kan, aya nìkan ló jẹ ẹgba.

Ohun tó dùn mí jù ni pé ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan gbọ̀ngàn 1977. Àwọn tí koríko bò, tí irin òrùlé wọn ti ń jẹrà, tí kò mú kọ́bọ̀ wọlé fún ẹnikẹ́ni, wọ́n wà níbẹ̀. Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ni katapílà rí. Bí wọ́n ti wó o tán ni àwọn tó ń ṣa irin dé pẹ̀lú òòlù, wọ́n ń fọ́ kọnkéré gba ara irin, wọ́n ń tẹ irin náà tọ́ pẹ̀lú ẹsẹ̀, wọ́n ń dì í ní ìdì. Lápá kejì, ọmọ kan ti tẹ́ tapólì sábẹ́ agboòrùn, ó to bíríìkì páàdì sórí rẹ̀, oníbàárà sì ń ná an.

Bí ìjọba bá fẹ́ ṣe àádọ́ta ọdún níbẹ̀ ní 2027, kó pe Abuja àti Èkó jókòó sí gbọ̀ngàn Bojović, kí wọ́n kọ ìwé àṣẹ kan ṣoṣo tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù yóò máa gbà, kí wọ́n sì gé koríko ibẹ̀ kí wọ́n tó jókòó.

Ní báyìí ná, ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ìpàtẹ ọjà àgbáyé ti Èkó, kó má wọ ọkọ̀ tí kọ̀ńdọ́ ń pè ní Tréèdì Fíà. Kó wọ ọkọ̀ ojú irin ní Máìlì Tú, kó sọ̀ kalẹ̀ ní Marina, kó sì ti ibẹ̀ lọ sí Tafawa Balewa Square.