Ọjọ́ Kẹtàlá Oṣù Kìíní: Bí Oríire Ẹnì Kan Ṣe Di Ọ̀rọ̀ Ìjọba ní Tógò

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, bí ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní bá ti pé, ìlú Lomé a kún fún ìwọ́de ológun. Àwọn sójà a tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, àwọn ọmọ ilé-ìwé a jó, gbogbo ibi iṣẹ́ a sì wà ní títì. Ìjọba pè é ní ọjọ́ ìdáǹdè orílẹ̀-èdè. Ọjọ́ yìí kan náà ni àwọn sójà pa ààrẹ àkọ́kọ́ tí Tógò ní. Ẹni tí wọ́n ń jó fún sì wà lára àwọn sójà náà.

Lójú àwọn ará Yúróòpù, nọ́ńbà tó burú jù lọ ni 13. Jésù àti àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàlá nídìí oúnjẹ alẹ́ ìkẹyìn, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sì kàn án mọ́ àgbélébùú. Bí ọjọ́ kẹtàlá bá wá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ burúkú èṣù gbomi mu nìyẹn lójú wọn. Títí di òní, ọ̀pọ̀ ilé ìtura ni kò ní yàrá 13. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dé Ítálì yóò rí i pé 17 ni wọ́n ń sá fún níbẹ̀, tí 13 sì jẹ́ àmì ire fún wọn. Ní Ṣáínà àti Jàpáànù, 4 ni èèwọ̀, nítorí ìró rẹ̀ jọ ti ikú. Yorùbá ní tiwọn kò ka nọ́ńbà sí tó bẹ́ẹ̀. Orúkọ ọjọ́ ni wọ́n ń wò. Ajé ni ti òwò, Ìṣẹ́gun ni ti ẹni tó fẹ́ borí ọ̀tá. Ọ̀pọ̀ àgbà kì í dáwọ́ lé ohun tuntun ní ọjọ́ Ẹtì, kí ohun náà má baà tì. Kò sí èyí tó burú nínú gbogbo ìwọ̀nyí, níwọ̀n ìgbà tí kálukú bá ń fi tirẹ̀ tọ́ ilé ara rẹ̀. Ní Tógò, ààfin ni ọ̀rọ̀ oríire wọ̀ lọ.

Sylvanus Olympio ló kó Tógò dé òmìnira ní ọdún 1960. Ìdílé oníṣòwò tí baba ńlá wọn ti Brazil dé ni wọ́n bí i sí, irú àwọn tí Èkó ń pè ní Àgùdà. Ọ̀mọ̀wé nípa ọrọ̀ ajé ni, ó lawọ́ sí ìwé, ó háwọ́ sí owó. Ọmọ ogun rẹ̀ kò ju nǹkan bí 250 lọ, kò sì fẹ́ kí ó pọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn ọmọ Tógò tó ti jagun fún Faransé ní Indochina àti Algeria padà wálé, tí wọ́n ní kí ó gbà wọ́n síṣẹ́, ó kọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará àríwá, pàápàá àwọn Kabyè, láti agbègbè tí òyìnbó ti ń kó ọmọ ogun àti òṣìṣẹ́ láti ìgbà pípẹ́. Sájẹ́ǹtì Étienne Eyadéma, ọmọ ìlú Pya, wà láàárín wọn.

Ní òru mọ́jú ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 1963, wọ́n ya wọ ilé ààrẹ. Olympio fo ògiri bọ́ sí ọgbà ilé aṣojú Amẹ́ríkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀, ó sì sá pamọ́ sínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òkú rẹ̀ ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Eyadéma sọ fún àwọn oníròyìn òkèèrè nígbà náà pé òun ni òun yìnbọn fún un. Nígbà tó yá, ó sẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà. Ìdìtẹ̀gbàjọba àkọ́kọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lẹ́yìn òmìnira nìyẹn. Ọdún mẹ́ta àti ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀ ni ti Nàìjíríà.

Nicolas Grunitzky ni wọ́n fi jẹ ààrẹ. Ọdún mẹ́rin géérégé ló lò. Ní ọjọ́ 13, oṣù kìíní, ọdún 1967, Eyadéma, tó ti di ọ̀gá àgbà ọmọ ogun, lé e kúrò láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló bọ́ sí. Òyìnbó tó bá ń wo kàlẹ́ńdà ní Lomé lọ́jọ́ náà yóò ti fọwọ́ bo ẹnu. Bóyá Eyadéma mọ̀ọ́mọ̀ mú ọjọ́ náà ni o, bóyá ó kàn ṣe bẹ́ẹ̀ bọ́ sí i ni o, ohun tó fi í ṣe lẹ́yìn náà ni ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọ Olympio ì bá máa fi ṣọ̀fọ̀ baba rẹ̀ ló wá di ọjọ́ ijó fún gbogbo ìlú.

Ní oṣù kẹrin ọdún náà, sójà kan lára àwọn ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ yìnbọn fún un. Kò kú. Ìtàn tí ìjọba ń pa ni pé ìwé kékeré tó wà lápò àyà rẹ̀ ló dá ọta ìbọn náà dúró. Yorùbá ní ẹni tí orí yọ, ó dilé. Ti Eyadéma kò parí sílé, nítorí ojú ọ̀nà ni àwọn agbẹnusọ rẹ̀ ti ń kéde pé orí rẹ̀ kì í ṣe orí lásán.

Sarakawa ló wá fìdí ọ̀rọ̀ náà múlẹ̀. Nígbà yẹn, Tógò ń bá ilé-iṣẹ́ tí àwọn ará Faransé ń darí fa ọ̀rọ̀ fósífétì, èròjà tí wọ́n fi ń ṣe ajílẹ̀, tí wọ́n ń wà nílẹ̀ wọn. Ní oṣù kìíní ọdún 1974, ìjọba ní ìpín tó pọ̀ jù gbọ́dọ̀ jẹ́ tòun. Ní ọjọ́ 24 oṣù náà, bàálù tó ń gbé ààrẹ lọ sí àríwá já ní Sarakawa, nítòsí ìlú rẹ̀. Àwọn kan kú, àwọn kan yè, Eyadéma sì wà lára àwọn tó yè. Ó ní àwọn òyìnbó tó ni fósífétì ló fẹ́ pa òun. Ní ọjọ́ 2, oṣù kejì, ó wọ Lomé bí ajagunṣẹ́gun, ó sì kéde pé gbogbo fósífétì náà ti di ti orílẹ̀-èdè.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn yòókù tó yè ni kí a fi ara balẹ̀ wò. Wọ́n pòórá nínú ìtàn. Èyí tí wọ́n ń sọ fún aráàlú ni pé ààrẹ nìkan ṣoṣo ló jáde láàyè, nítorí bí ènìyàn márùn-ún bá yè nínú jàǹbá, a ó ní Ọlọ́run ṣàánú. Bí ẹnì kan bá yè, a ó ní Ọlọ́run yan ẹnì kan. Wọ́n tọ́jú àfọ́kù bàálù náà, wọ́n kọ́ ibi ìrántí síbẹ̀, ọjọ́ 24 oṣù kìíní sì di ọjọ́ ìsinmi. Ilé ìtura ńlá kan ní Lomé gba orúkọ Sarakawa, òmíràn gba ọjọ́ 2 oṣù kejì. Ní ọdún 1976, ìwé alálàwòrán jáde tó sọ ìtàn rẹ̀ bí akọni inú àlọ́. Ó ju orúkọ Étienne nù, ó di Gnassingbé, ó sì ní kí aráàlú náà ju orúkọ òyìnbó tiwọn nù.

Oríire tòótọ́ kan wà ní ọdún yẹn tí kò ní í ṣe pẹ̀lú bàálù. Iye tí wọ́n ń ta fósífétì lágbàáyé lọ sókè ní ìlọ́po ìlọ́po. Owó wọlé, ìjọba yáwó lé e lórí, wọ́n ń kọ́ ilé gogoro. Kò pẹ́ tí owó fósífétì fi já wálẹ̀, gbèsè sì kù. Lórí èyí, kò sí ẹni tó kọ́ ibi ìrántí.

Nàìjíríà kò jìnnà sí i. Òun àti Yakubu Gowon ló jọ ṣe agbátẹrù ECOWAS, tí wọ́n fọwọ́ sí ìwé rẹ̀ ní Èkó ní ọjọ́ 28, oṣù karùn-ún, ọdún 1975. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, wọ́n gba ìjọba lọ́wọ́ Gowon nígbà tó wà nípàdé ní Kampala. Eyadéma wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Ní ọdún 1991, àpérò gbogboogbò gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá, àwọn sójà rẹ̀ fi ìbọn gbà á padà. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1992, wọ́n yìnbọn sí Gilchrist Olympio, ọmọ ààrẹ tí wọ́n pa, nígbà tó ń káàkiri àríwá. Àwọn tó wà pẹ̀lú rẹ̀ kú, òun fara gbọgbẹ́, ó sì yè. Bí yíyè bá jẹ́ ẹ̀rí pé Ọlọ́run yan ènìyàn, ti Gilchrist náà tó ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n òkèèrè ni wọ́n ti tọ́jú rẹ̀, kò sì sí ọmọ ogun lẹ́yìn rẹ̀ tí yóò sọ ọjọ́ náà di ọjọ́ ìsinmi. Ní oṣù kìíní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn agbófinró yìnbọn sí olùwọ́de ní Lomé, ọ̀pọ̀ ọ̀kẹ́ aráàlú sì sá lọ sí Gánà àti Benin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 2005, ni Eyadéma kú, lẹ́yìn ọdún 38 lórí oyè. Inú bàálù ló kú sí, nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ fún ìtọ́jú lókè òkun. Òfin ní olórí ilé aṣòfin ni kó gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ológun ti ẹnu bodè, bàálù tó ń gbé ọkùnrin náà bọ̀ láti Yúróòpù sì lọ balẹ̀ ní Cotonou. Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n gbé Faure, ọmọ olóògbé, gorí oyè. Olusegun Obasanjo, tó jẹ́ alága Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà nígbà náà, àti ECOWAS fárígá, Faure sì fi ipò sílẹ̀ kí ìdìbò tó wáyé. Ọjọ́ 24, oṣù kẹrin ni wọ́n dìbò. Wọ́n ní ó wọlé. Ìwádìí Àjọ Ìparapọ̀ Orílẹ̀-èdè Àgbáyé fi iye àwọn tó kú nínú rògbòdìyàn náà sí 400 sí 500.

Faure ló ṣì ń darí Tógò. Ilé ìtura méjèèjì ṣì ń jẹ́ orúkọ wọn. Ibojì Sylvanus Olympio wà ní Agoué, ní òdìkejì ẹnu bodè, ní ilẹ̀ Benin.