Ibi tí Ojú Méjì ti Pàdé: Ìtàn Ìbéèrè Kan nínú Ìmọ̀ Ìṣirò

Bí a bá fi ọ̀bẹ gé iṣu ní ìdábùú, etí ibi tí a gé yóò rí róbótó. Bí a bá gé e kí ó dagun, etí náà yóò gùn bí ẹyin. Ìlà etí yìí kì í ṣe ti ọ̀bẹ nìkan, kì í sì í ṣe ti iṣu nìkan: ibi tí ojú ọ̀bẹ àti ojú iṣu ti pàdé ni. Orí àkíyèsí kékeré yìí ni àwọn onímọ̀ ìṣirò gbé ọ̀nà kan kà láti júwe ìlà tí ó tẹ̀ kọrọdọ nínú òfuurufú, èyí tí ènìyàn kò lè yà sórí bébà pẹrẹsẹ kí nǹkan kan má sọnù lára rẹ̀. Dípò kí wọ́n fa ìlà náà, wọn a sọ àwọn ojú tí ó gba inú ara wọn kọjá, wọn a sì ní ibi ìpàdé wọn ni ìlà náà wà. Ìbéèrè tí ọ̀nà yìí bí kò ju gbólóhùn kan lọ, ṣùgbọ́n ó ti da àwọn ọlọ́gbọ́n láàmú pẹ́: ojú mélòó ni yóò tó láti júwe ìlà kan?

Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ni ìtàn náà ti bẹ̀rẹ̀. Ìtàn àtẹnudẹ́nu wọn sọ pé àjàkálẹ̀ àrùn jà ní erékùṣù Delos, òrìṣà sì pàṣẹ pé kí wọ́n sọ pẹpẹ kan, tí ìbú, òró àti gíga rẹ̀ dọ́gba, di ìlọ́po méjì. Wọ́n sọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan di ìlọ́po méjì, pẹpẹ bá di ìlọ́po mẹ́jọ. Báwo ni ẹ̀gbẹ́ náà ṣe yẹ kó gùn tó? Archytas, ará ìlú Tarentum ní gúúsù Ítálì, ni ó dáhùn ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Kristi. A gbọ́ pé àwọn ará ìlú rẹ̀ yàn án ní ọ̀gágun nígbà méje. Ojú mẹ́ta ni ó kó jọ: ti silíńdà kan tí ó dúró ṣánṣán, ti nǹkan kan tó rí bí òṣùká tí ihò àárín rẹ̀ ti dí, àti ti òkòtó kan. Níbi tí silíńdà àti òṣùká ti pàdé, ìlà kan jáde tí ó tẹ̀ nínú òfuurufú. Ibi tí òkòtó ti kan ìlà náà ni ó sì fi ìwọ̀n tí wọ́n ń wá hàn. Èrò inú lásán ni Archytas fi rí ìlà yìí. Ìwé tirẹ̀ ti sọnù. Eutocius, tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹfà lẹ́yìn ìbí Kristi, ni ó tọ́jú ọ̀rọ̀ náà fún ìran tó ń bọ̀.

Ohun tí àwọn Gíríìkì kò ní ni ọ̀nà láti kọ ojú sílẹ̀ ní kúkurú. Ní 1637, Descartes fi hàn bí a ṣe lè fi ọ̀rọ̀ ìdọ́gba júwe ìlà lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n ó kàn fẹnu ba ìlà inú òfuurufú ni. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Paris kan, Alexis Claude Clairaut, tí a bí ní 1713, ni ó gbé iṣẹ́ náà dé ibi tó yẹ. Ọmọ olùkọ́ ìṣirò ni. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tí ó parí ìwé rẹ̀ lórí àwọn ìlà tí ó tẹ̀ ní ọ̀nà méjì, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1731. Ní ọdún náà ni Académie des Sciences gbà á wọlé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pé ọjọ́ orí tí òfin wọn là sílẹ̀. Lójú Clairaut, ọ̀rọ̀ ìdọ́gba kan ni ojú kan. Ọ̀rọ̀ ìdọ́gba méjì tí ó jẹ́ òótọ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni ìlà.

Ó dà bí ẹni pé ìbéèrè ti tán: méjì ti tó. Ṣùgbọ́n ojú méjì tí ó pàdé a máa mú àlejò tí a kò pè wá. Ká ní ìlà kan wà tí nọ́ńbà mẹ́ta ń sọ ibi tí ojúlé kọ̀ọ̀kan rẹ̀ wà: 2, 4, 8, tàbí 3, 9, 27. Ojú kìn-ín-ní sọ pé nọ́ńbà kejì jẹ́ ti àkọ́kọ́ lọ́nà ara rẹ̀. Ojú kejì sọ pé àkọ́kọ́ lọ́nà ẹ̀kẹta jẹ́ ìkejì lọ́nà ara rẹ̀: 2 lọ́nà 8 àti 4 lọ́nà 4, 16 ni méjèèjì. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n bí àkọ́kọ́ àti ìkejì bá jẹ́ òdo, ọ̀rọ̀ méjèèjì ṣì jẹ́ òótọ́, ohun yòówù kí ẹ̀kẹta jẹ́. Ìlà títọ́ kan ti bá wọn wọlé nìyẹn. Ojú kẹta, tí ó sọ pé ẹ̀kẹta jẹ́ àkọ́kọ́ lọ́nà ìkejì, ni yóò lé e jáde. Lóòótọ́, ẹni tí ó bá yan ojú mìíràn dáadáa lè fi méjì péré júwe ìlà yìí. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí fún gbogbo ìlà?

Ní 1882, Leopold Kronecker, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Berlin, fi hàn pé ojú mẹ́rin tó fún ìlà èyíkéyìí tí áljẹ́brà lè júwe. Ní 1891, Theodor Vahlen mú ìlà kan jáde, ó ní mẹ́ta kò lè tó fún un láéláé. Àwọn onímọ̀ gbà á gbọ́. Ọdún gorí ọdún. Vahlen di aláṣẹ nínú ìjọba Nazi, òun náà sì ni ó wà ní ipò olórí Àkádẹ́mì Sáyẹ́ǹsì ti Prussia nígbà tí Oskar Perron, ọ̀jọ̀gbọ́n ní Munich, tẹ àbájáde iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1941. Perron kò fa ọ̀rọ̀ gùn: ó kọ ojú mẹ́ta sílẹ̀, ó sì fi hàn pé ìlà Vahlen gan-an ni wọ́n ti pàdé, láìsí àlejò kankan. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ti Vahlen kì í ṣe irọ́, àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ó rìn fún 50 ọdún kí òtítọ́ tó lé e bá, ipò tí olówó rẹ̀ wà kò sì lè gbà á sílẹ̀.

Ní 1960, Martin Kneser fi òpin sí apá kan ìjà náà: ojú mẹ́ta tó fún gbogbo ìlà bẹ́ẹ̀. Ó ku méjì. Fún ìlà tí ara rẹ̀ so pọ̀ ní ọ̀kan ṣoṣo, títí di òní, kò sí ẹni tí ó fi hàn pé méjì tó fún gbogbo wọn, kò sì sí ẹni tí ó rí ọ̀kan ṣoṣo tí méjì kò tó fún. Ìbéèrè tí ọmọdé lè bi ìyá rẹ̀ nídìí iṣu tí wọ́n ń gé ṣì wà lórí tábìlì àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ dáhùn rẹ̀, ẹ̀rí ni yóò mú wá, kì í ṣe oyè.