Ìparẹ́ Kì í Ṣe Àtúnṣe: Ìtàn Ènìyàn Dúdú Nínú Fíìmù Kàtúùnù

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní kékeré ni a ti ń pa ẹkàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ohun tí ojú ọmọdé bá rí ní àárọ̀ ọjọ́ ayé rẹ̀ kì í tètè kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a máa pe fíìmù kàtúùnù, ìyẹn àwòrán tí a yà tí a sì mú kí ó máa rìn, kí ó sì máa sọ̀rọ̀, ní eré ọmọdé lásán. Láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn ni àwọn fíìmù wọ̀nyí ti ń sọ fún ọmọ aráyé irú ẹni tí ènìyàn dúdú jẹ́. Amẹ́ríkà ni a ti ṣe àwọn tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù, ṣùgbọ́n wọn kò dúró sí Amẹ́ríkà. Àwa náà wo Tom and Jerry lórí tẹlifíṣàn ní ilẹ̀ Nàìjíríà, a sì rẹ́rìn-ín.

Bí a bá tọ ipasẹ̀ ìtàn náà, a ó rí i pé ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀. Èkíní ni pé wọ́n fi ènìyàn dúdú ṣe yẹ̀yẹ́. Èkejì, tí a kì í sábà sọ̀rọ̀ rẹ̀, ni pé nígbà tí ìtìjú mú wọn, wọ́n pa á rẹ́ kúrò nínú àwòrán, wọ́n sì pe ìparẹ́ náà ní àtúnṣe. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀yìn.

Kí fíìmù tó dé ni yẹ̀yẹ́ náà ti wà. Ní nǹkan bí ọdún 1830, òṣèré aláwọ̀ funfun kan, Thomas Dartmouth Rice, a máa kun ojú rẹ̀ ní dúdú, a wọ àkísà, a sì máa jó, a máa kọrin bí ẹni pé ẹrú dúdú ni òun. Jim Crow ni ó pe ẹni tí ó ń sín jẹ náà. Eré yìí gbayì débi pé orúkọ náà ni àwọn ènìyàn wá fi ń pe àwọn òfin tí ó ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní gúúsù Amẹ́ríkà: ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn lọ́tọ̀, àyè tiwọn nínú ọkọ̀ lọ́tọ̀, ibi tí wọn yóò ti mu omi lọ́tọ̀. Nígbà tí àwọn ayàwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kàtúùnù, ojú tí irú òṣèré bẹ́ẹ̀ ti kùn sílẹ̀ ni wọ́n gbé wọ inú rẹ̀: ètè ńláńlá, ẹyinjú rogodo, ẹsẹ̀ tí kò mọ̀ ju ijó lọ. Ní ọdún 1933, Mickey Mouse fúnra rẹ̀ kun ojú ní dúdú nínú Mickey's Mellerdrammer.

Ní ọdún 1940, ilé-iṣẹ́ Walt Disney gbé Fantasia jáde. Ní apá kan nínú rẹ̀, a rí àwọn ẹ̀dá tí òkè wọn jẹ́ ènìyàn, tí ìsàlẹ̀ wọn jẹ́ ẹṣin. Wọ́n ń ṣe ara lóge, wọ́n ń retí olólùfẹ́. Ọ̀kan tí ó dúdú wà láàrin wọn, Sunflower ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ó máa nu pátákò àwọn yòókù, kí ó sì máa fi òdòdó ṣe wọ́n lọ́ṣọ̀ọ́. Ní ọdún kejì, Dumbo dé. Nínú fíìmù yìí, àwọn kannakánná kan ń sọ̀rọ̀ bí aláwọ̀ dúdú. Jim Crow ni ilé-iṣẹ́ náà pe olórí wọn, Cliff Edwards tí ó jẹ́ òyìnbó ni ó sì fún un ní ohùn. Àwọn òṣìṣẹ́ dúdú tí ń na àgọ́ nínú òjò lóru kò tilẹ̀ ní ojú. Wọn kò ya imú tàbí ojú fún wọn rárá, orin tí wọ́n sì fi sí wọn lẹ́nu ni pé bí àwọn bá gba owó iṣẹ́ tán, ńṣe ni àwọn ń ná an dànù.

Disney kò dá ṣe é. Ní 1941 kan náà, Walter Lantz ṣe Scrub Me Mama with a Boogie Beat, níbi tí gbogbo ará ìlú dúdú kan ti ń sùn ní ọ̀sán gangan. Ní 1943, Warner Bros. gbé Coal Black and de Sebben Dwarfs jáde, tí Bob Clampett darí. Ní ti Tom and Jerry, láti inú fíìmù àkọ́kọ́ ní 1940 ni obìnrin dúdú kan ti ń tọ́jú ilé tí ológbò àti eku náà ń gbé. Mammy Two Shoes ni a mọ̀ ọ́n sí. Lillian Randolph, òṣèré dúdú tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ dunjú, ni ó fún un ní ohùn, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ àti ọwọ́ ìgbálẹ̀ rẹ̀ ni a sábà máa ń rí. Ojú rẹ̀ kì í sábà hàn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí a ń wò kì í wòran. Ṣùgbọ́n ọmọ dúdú tí ó jókòó sí iwájú àwòrán wọ̀nyí ni a ń wò, òun náà ni ó sì ń wòran. Kí ni ó ń ṣẹlẹ̀ nínú irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Ní 1947, tọkọtaya onímọ̀ nípa ọkàn ènìyàn, Kenneth àti Mamie Clark, tẹ àbájáde ìwádìí tí wọ́n ṣe láàrin ọmọ dúdú 253, láti ọmọ ọdún 3 sí 7. Wọ́n gbé ọmọlángidi funfun àti èyí tí ó dúdú síwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n mú èyí tí wọ́n fẹ́. Nǹkan bí méjì nínú mẹ́ta wọn ni ó mú funfun. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà tọ́ka sí iṣẹ́ Kenneth Clark nígbà tí ó fi òfin de ìyàsọ́tọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ní 1954. Kàtúùnù nìkan kọ́ ni ó fa ohun tí wọ́n rí, nítorí gbogbo ìlú ni ó ń kọ́ ọmọ náà pé kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n kàtúùnù wà lára àwọn olùkọ́ náà, òun ni ó sì mọ bí a ti ń fi ẹ̀rín kọ́ni.

Nínú gbogbo ìtàn yìí, èyí tí ó kan àwa Yorùbá jù ni ti Song of the South, tí Disney gbé jáde ní 1946. Ènìyàn gidi wà nínú rẹ̀, kàtúùnù sì wà nínú rẹ̀. Bàbá arúgbó dúdú kan, Uncle Remus, ń pa ìtàn Ehoro, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ àti Béárì fún ọmọ òyìnbó kan ní oko ńlá ní ìpínlẹ̀ Georgia. Akọ̀ròyìn òyìnbó kan, Joel Chandler Harris, ni ó kó irú ìtàn wọ̀nyí jọ sínú ìwé tí ó jáde ní 1880. Ẹnu àwọn ẹrú ní oko Turnwold ni ó ti gbọ́ wọn nígbà tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé níbẹ̀ ní èwe rẹ̀.

Níbo ni àwọn ẹrú náà ti rí i? Ẹ gbọ́ ọ̀kan nínú àwọn ìtàn náà ná. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ fi ọ̀dà mọ ère, ó gbé e sí ẹ̀bá ọ̀nà. Ehoro kí ère, ère kò dáhùn. Inú bí Ehoro, ó gbá a ní ẹ̀ṣẹ́, ọwọ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fi ọwọ́ kejì lù ú, ìyẹn náà lẹ̀. Ó ta á nípàá, ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni yóò gbọ́ èyí tí kò ní rántí Ìjàpá tí ó ń jalè ní oko olóko, àti ère tí olóko fi àtè kùn láti fi mú un? Àwọn Akan ní ilẹ̀ Gánà ń fi Ananse pa irú àlọ́ kan náà. Àwọn tí a kó lẹ́rú láti ilẹ̀ wa kò lè gbé àpótí lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n gbé àlọ́ sínú. Ohun tí Harris tẹ̀, tí Disney sì yà, ẹrù wa ni ó ti wá.

James Baskett ni ó ṣe Uncle Remus. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi fíìmù náà hàn ní Atlanta ní oṣù kọkànlá ọdún 1946, òṣèré yìí kò lè bá wọn péjọ síbẹ̀, nítorí òfin ìyàsọ́tọ̀ ni ó ń ṣe àkóso ìlú náà. Walter White, akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ NAACP tí ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, gbà pé iṣẹ́ ọnà fíìmù náà dára, ṣùgbọ́n ó bá a wí pé ó mú kí ó dà bí ẹni pé ìrẹ́pọ̀ àti adùn ni ó wà láàrin ẹrú àti olówó rẹ̀. Ní 1948, wọ́n fún Baskett ní ẹ̀bùn Oscar àyẹ́sí, òun sì ni ọkùnrin dúdú òṣèré àkọ́kọ́ tí yóò gba Oscar. Ó kú ní ọdún náà gan-an.

Ibí yìí ni ẹ̀ṣẹ̀ kejì ti bẹ̀rẹ̀. Bí ìjà fún ẹ̀tọ́ ti ń gbóná, ojú bẹ̀rẹ̀ sí í ti àwọn ilé-iṣẹ́. Ní 1968, United Artists, tí ó ni àwọn fíìmù àtijọ́ Warner Bros. nígbà náà, yọ mọ́kànlá kúrò lára àwọn tí tẹlifíṣàn lè fi hàn. Coal Black wà lára wọn. Láti 1969, Disney gé Sunflower kúrò nínú Fantasia. Àwọn ẹṣin funfun ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú pátákò dídán wọn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó nù ún ti pòórá. Ní àwọn ọdún 1960 kan náà, wọ́n tún Mammy Two Shoes yà sí obìnrin òyìnbó tín-ín-rín nínú àwọn kan lára fíìmù Tom and Jerry, wọ́n sì fún un ní ohùn bíi ti ará Ireland. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ obìnrin dúdú náà, wọ́n sì gba ohùn Lillian Randolph mọ́ ọn.

Song of the South kò tún dé ilé sinimá lẹ́yìn 1986. Ṣùgbọ́n Disney kò ju èrè rẹ̀ nù. Ní 1989, wọ́n ṣí Splash Mountain ní ọgbà ìgbafẹ́ wọn ní California. Ehoro wà níbẹ̀, Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ wà níbẹ̀. Uncle Remus kò sí. Ère ọ̀dà pàápàá, oyin ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Apàlọ́ ti lọ, wọ́n ń ta àlọ́ rẹ̀.

Ìparẹ́ yìí náà ni ó wà nínú Tarzan ti 1999. Ìwé tí a ti mú ìtàn náà kún fún èébú sí àwọn ará Áfíríkà. Báwo ni Disney ṣe tún un ṣe? Òyìnbó wà nínú igbó náà, ìnàkí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn dúdú kan ṣoṣo kò sí ní gbogbo Áfíríkà wọn. Nígbà tí Tiana dé ní 2009 nínú The Princess and the Frog, ọmọ-ọba obìnrin dúdú àkọ́kọ́ nínú fíìmù Disney, inú ọ̀pọ̀ òbí dùn, ó sì yẹ kí ó dùn. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni Tiana jẹ́ fún èyí tí ó pọ̀ jù nínú fíìmù náà.

Ẹnìkan lè sọ pé ó sàn kí ọmọ má rí nǹkan kan ju kí ó rí èébú lọ. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Kò sí òbí rere tí yóò gbé Coal Black síwájú ọmọ ọdún mẹ́ta. Ṣùgbọ́n kí a fi nǹkan pamọ́ fún ọmọdé títí yóò fi dàgbà yàtọ̀ sí kí a sọ pé nǹkan náà kò ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2005, nígbà tí Warner Bros. tún ń ta àwọn kàtúùnù rẹ̀ àtijọ́, òṣèré dúdú Whoopi Goldberg ni ó kọ́kọ́ bá àwọn òǹwòran sọ̀rọ̀: ó ní bí a bá gé àwọn àwòrán náà kúrò, yóò dà bí ẹni pé ẹ̀tanú náà kò wáyé rí. Ọ̀rọ̀ àgbà nìyẹn. Ẹni tí ó pa ẹ̀rí rẹ́ ti ran ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ́wọ́.

Kí wá ni àtúnṣe? Àtúnṣe ni kí ẹni tí a ń yà di ayàwòrán. Ní 1956, Floyd Norman di ayàwòrán dúdú àkọ́kọ́ tí Disney gbà sí iṣẹ́ títí lọ, ṣùgbọ́n ìgbà pípẹ́ ni ó kọjá kí irú rẹ̀ tó wà ní ipò àṣẹ. Peter Ramsey wà lára àwọn tí ó darí Spider-Man: Into the Spider-Verse ní 2018, òun sì ni olùdarí dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba Oscar fún fíìmù kàtúùnù gígùn. Ní 2019, Hair Love ti Matthew Cherry fi bàbá dúdú kan tí ń di irun ọmọbìnrin rẹ̀ hàn. Kò sí ẹni tí ó di ọ̀pọ̀lọ́ níbẹ̀. Ní ilé, Adamu Waziri àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Àbújá ti ń ṣe Bino and Fino, tí ń kọ́ ọmọdé ní àṣà àti ìtàn Áfíríkà. Ní 2020, Lady Buckit and the Motley Mopsters jáde, fíìmù kàtúùnù gígùn àkọ́kọ́ ti Nàìjíríà. Ní 2024, àwọn ọmọ Kugali gbé Ìwájú jáde pẹ̀lú Disney fúnra rẹ̀. Èkó ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, Tọ́lá àti Kọ́lé ni orúkọ àwọn ọmọ inú rẹ̀, orúkọ Yorùbá kan ni wọ́n sì fún un. Ilé-iṣẹ́ tí ó ya kannakánná ní 1941 ti ń pe "ìwájú" báyìí.

Splash Mountain ti kógbá sílé ní 2023. Ní 2024, wọ́n fi ti Tiana rọ́pò rẹ̀. Ó dára kí ọmọ dúdú rí Tiana níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, ẹ̀yin òǹkàwé: Ehoro pàápàá ti wá bá Uncle Remus lọ. Àlọ́ tí àwọn ẹrú gbé kọjá òkun ti kúrò níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún àwọn ọmọ tí ó gùn ún fún ọgbọ̀n ọdún ó lé pé àlọ́ ta ni ó jẹ́. Àwa ni ó kù tí a lè sọ fún wọn. Ìjàpá kò kú. Ère alátè ṣì wà ní ẹnu àwọn ìyá àgbà wa. Kí ẹni tí ó mọ àlọ́ pa á, kí ẹni tí ó mọ àwòrán yà á, kí a sì kọ orúkọ apàlọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ gàdàgbà, kí ẹnikẹ́ni má lè pa á rẹ́ mọ́.