Àrùn Ẹ̀dọ̀ tí Kò Mọ sí Ẹ̀dọ̀



Bí ikùn ẹnì kan bá wú, tí ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè, tí ó sì rù títí tí ó fi kú, ẹ mọ ohun tí a máa ń sọ. A ní wọ́n fún un ní nǹkan jẹ. Orogún á máa fura sí orogún. Bẹ́ẹ̀ ni ó lè jẹ́ kòkòrò kan tí ojú lásán kò lè rí ni ó pa á: kòkòrò àrùn mẹ́dọ̀wú B, tí àwọn dókítà ọ̀dọ̀ wa ń pè ní epatíìtì B.

Ẹni tí ó kọ́kọ́ rí ipasẹ̀ rẹ̀ kò wá àrùn ẹ̀dọ̀ rárá. Ní 1963, Baruch Blumberg, dókítà ará Amẹ́ríkà, rí ohun àjèjì kan nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìbílẹ̀ Ọsirélíà kan. Ó tún rí i lára àwọn tí jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ń ṣe. Ó rò pé jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni ó bá tan. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀ ni ó yé wọn pé kòkòrò mẹ́dọ̀wú B ni. Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Nobel ní 1976.

Ní Taiwan, dókítà Palmer Beasley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣọ́ ọkùnrin 22,707 fún ọdún mélòó kan. Nígbà tí wọ́n gbé ìròyìn wọn jáde ní 1981, jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ ti pa 41 nínú wọn. Nínú àwọn 41 yìí, 40 ni ó ti ní kòkòrò náà lára tẹ́lẹ̀. Ẹ tún un kà: 40 nínú 41.

Ṣé ẹ̀dọ̀ nìkan ni ó mọ? Rárá o. Ní 2010, ìròyìn jáde láti Kòríà ti Gúúsù lórí ènìyàn 603,585. Jẹjẹrẹ kan wà tí ó ń mú kókó ọrùn, abíyá àti ìtan, ìbátan jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ ni. Ó pọ̀ lára àwọn tí ó ní kòkòrò náà ju àwọn yòókù lọ, ṣùgbọ́n kò tó ìlọ́po méjì. Ti ẹ̀dọ̀ ní Taiwan ju ìlọ́po 200 lọ! Nítorí náà ẹ̀dọ̀ ni kí a kọ́kọ́ bẹ̀rù fún.

Jíjẹun pọ̀ nínú àwo kan kì í kó o ranni. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ń gbé e, àti ìbálòpọ̀: abẹ tí a fi fá orí ẹnì kan tí a tún fi fá ti ẹlòmíràn, tàbí ìyá sí ọmọ nígbà ìbí. Bí ọmọ bá kó o ní ìkókó, kì í sábà kúrò lára rẹ̀ mọ́.

Ní oṣù keje 1984, Taiwan bẹ̀rẹ̀ sí gún àwọn ọmọ tí ìyá wọn ní kòkòrò náà ní abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ní 1986 ó kan gbogbo ìkókó. Ìròyìn 1997 sọ pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ láàárín ọmọ ọdún 6 sí 14 ti dín kù tó ìdajì. Àjẹsára yìí wà nínú abẹ́rẹ́ tí à ń gún fún àwọn ìkókó wa ní Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò, pẹ̀lú ti ikọ́ líle àti ti ipá. Fún àgbàlagbà tí ó ti ní in, oògùn wà tí ó ń tẹ kòkòrò náà lórí ba. Ẹ̀jẹ̀ yíyẹ̀wò ni ó ń fi í hàn, nítorí ara ẹni tí ó ní in lè le koko fún 20 ọdún.