Ìkọlù Òwu sí Àpòmù

Ìkọlù Òwu sí Àpòmù jẹ́ ogun kan tó wáyé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún. Gẹ́gẹ́ bí Samuel Johnson ṣe kọ ọ́, wọ́n ń jí àwọn ará Ọ̀yọ́ gbé, wọ́n sì ń tà wọ́n lẹ́rú ní ọjà Àpòmù, lábẹ́ Ifẹ̀. Oníkòyí àti Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò Tóyèjẹ rọ Olówu láti fòpin sí i.

Òwu run Àpòmù àti àwọn ìlú Ifẹ̀ mìíràn. Ìyà náà kò mọ sórí àwọn gbọ́mọgbọ́mọ nìkan. Ifẹ̀ gbógun wá gbẹ̀san, ṣùgbọ́n Òwu ṣẹ́gun wọn. Nígbà tó yá, ìjà lórí ataare bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Àpòmù kan náà. Ìjẹ̀bú dara pọ̀ mọ́ Ifẹ̀, wọ́n sì dó ti Òwu títí wọ́n fi pa á run. Ọ̀pọ̀ ọmọ Òwu ni wọ́n kó lẹ́rú. Púpọ̀ nínú àwọn tó ṣẹ́kù tẹ̀dó sí Abẹ́òkúta.